Muda Lawal: Láti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì l'Ábẹ́òkúta dé òkè téńté bọ́ọ̀lù Áfíríkà

Bí ẹ bá bi ọmọ Nàìjíríà léèrè ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, orúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Kò purọ́. Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì wọlé nínú mẹ́ta tí ikọ̀ Green Eagles fi fi àgbà han Algeria lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìwòyí ni kò mọ ẹni tó gbá ẹ̀kẹta wọlé. Mudaṣiru Babátúndé Lawal ni, ọmọ bíbí ìlú Abẹ́òkúta, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Muda.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni àwọn méjèèjì. Wasimi nílẹ̀ Ẹ̀gbá ni ìdílé Ọdẹ́gbàmí ti ṣẹ̀ wá, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli Ìbàdàn kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ti Muda, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ pápá, kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn méjèèjì yìí ló pín góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Nàìjíríà fi gba ife náà láàárín ara wọn.

Ọmọṣẹ́ nídìí mọ́tò

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1954 ni wọ́n bí Muda. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ àǹfààní ètò yìí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló rí owó tẹ̀síwájú dé ilé-ìwé girama. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yà sí. Àwọn kan kọ́ télọ̀, àwọn kan kọ́ káfíńtà, àwọn kan sì dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mẹkáníìkì.

Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ọmọṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló ń kẹ́yìn lọ. Òun ni yóò gbé jáàkì, òun ni yóò wọ abẹ́ mọ́tò, òun ni yóò sì fọ sípánà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, títí ọjọ́ tí ọ̀gá yóò fi fún un ní fúríìdọ̀mù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí Muda gbà kọjá nìyẹn. Àwọn tó wò ó nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ̀ pé irú ìfaradà bẹ́ẹ̀ ló gbé wọ pápá. Agbábọ́ọ̀lù àárín ni. Bí ó ṣe ń sáré padà wá ran àwọn adẹ́yìnmú lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sáré lọ bá àwọn tó wà níwájú, kò sì jọ pé ó ń rẹ̀ ẹ́.

Láyé ìgbà náà, pápá ilé-ìwé girama ni wọ́n ti ń ṣa ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyẹn tí ìgòkè Muda fi jẹ́ ìwúrí fún àwọn ọmọ tó wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ó hàn sí wọn pé ilẹ̀kùn náà kò tì mọ́ wọn.

Ìbàdàn, ilé Shooting Stars

Nígbà tí Muda wọ ikọ̀ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, abẹ́ ìpínlẹ̀ kan náà ni Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ṣì wà. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun tó dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, tí Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú. Àmọ́ wọn kò lè pín Shooting Stars bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀. Ẹgbẹ́ gbogbo ọmọ Yorùbá ni títí dòní.

Ọdún 1976 yìí gan-an ni ẹgbẹ́ náà ṣe ohun tí ẹgbẹ́ kankan ní Nàìjíríà kò tíì ṣe rí. Nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n rìn títí dé àṣekágbá, níbi tí wọ́n ti pàdé Tonnerre ti Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Cameroon, ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nínú rẹ̀. Àmì ayò 4 sí 1 ni Shooting Stars fi nà wọ́n nílé. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, Tonnerre gbá ẹyọ kan wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ṣe kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà nìyẹn. Lọ́dún kan náà, Shooting Stars tún gba líìgì.

Lọ́dún 1977, wọ́n bá Rangers ti Enugu pàdé nínú ìdíje kan náà, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbá ọ̀mì òdo sí òdo, pẹnáítì ni Rangers fi borí. Àwọn tó gbọ́njú nígbà náà ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni ń sọ ìtàn ogun.

Ife Áfíríkà márùn-ún léra wọn

Ọ̀gbẹ́ni Jelisavčić, akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Yugoslavia tí wọ́n ń pè ní Father Tiko, ló fi àwọn ọ̀dọ́ tún ikọ̀ Green Eagles tò láàárín àwọn ọdún 1970. Nàìjíríà kò tíì padà dé ìdíje ife Áfíríkà láti ọdún 1963. Wọ́n padà dé ibẹ̀ ní Ethiopia lọ́dún 1976, ipò kẹta ni wọ́n sì gbà. Ní Ghana lọ́dún 1978, ipò kẹta náà ni. Muda wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ó wà níbẹ̀ lọ́dún 1980 nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje náà, ó wà níbẹ̀ ní Libya lọ́dún 1982, ó sì wà níbẹ̀ ní Ivory Coast lọ́dún 1984. Ife Áfíríkà márùn-ún léra wọn nìyẹn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń lọ, òmíràn ń bọ̀, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ̀yìntì, Muda dúró sójú kan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó lé ní 80 ló gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ní ti àṣekágbá ọdún 1980, pápá ìṣeré Surulere kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Ààrẹ Shehu Shagari wà níjokòó. Otto Gloria, ọmọ Brazil, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Christian Chukwu sì ni balógun ikọ̀. Ìṣẹ́jú kejì péré ni Ọdẹ́gbàmí kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó sì tún gbá òmíràn wọlé ní ìṣẹ́jú 42. Algeria kì í ṣe ikọ̀ tí wọ́n ń fojú di. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn ni wọ́n na ìwọ̀-oòrùn Jámánì níbi ife àgbáyé. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi gba ẹyọ kan padà lẹ́yìn ìsinmi, ọ̀rọ̀ lè bẹ́yìn yọ. Muda kò fún wọn láyè. Ní ìṣẹ́jú 50, ó gbá ẹ̀kẹta wọlé, ọkàn gbogbo Nàìjíríà sì balẹ̀.

Lọ́dún 1984 ní Abidjan, Adégbóyè Onígbìndé ló kó ikọ̀ Nàìjíríà lọ. Wọ́n tún dé àṣekágbá. Muda, tó ń lọ sí ẹni ọgbọ̀n ọdún, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 10. Cameroon dá a padà, wọ́n sì fi méjì kún un lẹ́yìn náà, 3 sí 1 ló parí sí. Ó dun Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló lè ní òun gbá bọ́ọ̀lù wọlé nínú àṣekágbá méjì.

Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀

Ohun kan wà tí Muda kò rí títí ó fi dágbére fún pápá, ife àgbáyé ni. Lọ́dún 1977, Tunisia wá sí Èkó, góòlù tí ọmọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ gbá sílé ara wọn ló dínà ọdún 1978 mọ́ wọn. Lọ́dún 1981, Algeria gbẹ̀san ohun tí wọ́n fojú rí ní Surulere, wọ́n na Nàìjíríà l'Ékòó, wọ́n tún nà wọ́n ní Constantine. Ọdún 1994 ni Nàìjíríà tó dé ife àgbáyé.

Owó náà kò sí nídìí rẹ̀ bí ó ti wà lónìí. Líìgì tí Muda gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ọdún 1990 ni Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ irú èyí. Yàtọ̀ sí Shooting Stars, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stationery Stores ti Èkó àti Abiola Babes, ẹgbẹ́ tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀, tí ilé rẹ̀ wà l'Ábẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ẹ̀gbá náà ṣe gbá bọ́ọ̀lù lójú àwọn ará ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1991, Muda Lawal jáde láyé. Ẹni ọdún 37 péré ni. Ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyẹn. Ọdẹ́gbàmí, ẹnìkejì rẹ̀, ní tirẹ̀ pẹ́ láyé tó láti dá ilé-ìwé tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé pẹ̀lú eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasimi. Ikú kò fún Muda láyè láti fi ọgbọ́n ọdún márùndínlógún sílẹ̀ fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ kò parun. Pápá ìṣeré tó wà ní Asero, l'Ábẹ́òkúta, ni wọ́n fi sọrí rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọ̀kadà àti takisí ń gba ibẹ̀ kọjá, tí àwọn èrò sì ń ké sí dẹ́rẹ́bà pé àwọn yóò bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ lára ògiri kò tó. Ọmọṣẹ́ kan wà lábẹ́ mọ́tò níbì kan l'Ábẹ́òkúta lónìí, tó ń fojú sọ́nà kí ọ̀gá ti ṣọ́ọ̀bù kó lè sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún un pé mẹkáníìkì bíi tirẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá Asero.