HENRY COLE, ẸNI TÍ Ó KỌ́KỌ́ ṢE KÁÀDÌ KÉRÉSÌMESÌ

 

Páálí bàtà kan wà lábẹ́ ibùsùn mi tí ó kún fún káàdì Kérésìmesì. Àwọn kan nínú wọn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tí a jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ni wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Mẹ́sàn-án nínú wọn wá láti ọwọ́ obìnrin kan ní ìlú Òyìnbó tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń kọ̀wé síra wa fún ọdún púpọ̀, tí a kò sì rí ojú ara wa títí di òní. Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ-ọmọ mi ń bá mi nu eruku kúrò lára páálí náà, ó sì bi mí pé ta ni ó bẹ̀rẹ̀ irú ìwé báyìí. N kò rí ìdáhùn fún un. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í fi ìbéèrè ọmọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wádìí rẹ̀, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi ṣe ìtàn fún wa.

Ìbí àti Èwe Rẹ̀

Henry Cole ni orúkọ ọkùnrin náà. A bí i ní ọjọ́ 15 oṣù Keje, ọdún 1808, ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ogun ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n fi í sí Christ's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí orúkọ ibẹ̀ tilẹ̀ jọ ti ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ ni. Láti ayé Ọba Edward Kẹfà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí agbára òbí wọn kò tó nǹkan.

Henry kò lọ sí yunifásítì. Ní 1823, kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ ti ìjọba. Àwọn ìwé náà wà nínú eruku àti ọ̀rinrin, eku sì ń jẹ wọ́n. Nígbà tí ó rí bí àwọn ọ̀gá ti ń ṣe iṣẹ́ náà báṣubàṣu, kò lè dákẹ́. Ó kọ̀wé, ó tú u síta, wọ́n sì yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti gbéyàwó nígbà náà. Ní 1833 ni ó fẹ́ Marian Bond. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé ọkọ mọ ohun tí ó jẹ́ kí baálé ilé pàdánù iṣẹ́ nítorí òdodo. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wádìí ọ̀ràn náà ní 1836, wọ́n sì rí i pé ẹ̀bi wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ fún àwọn ìwé náà ní 1838, Henry wà lára àwọn tí a fi ṣe alábòójútó níbẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí.

Ìjà Lórí Owó Lẹ́tà

Kí á tó lè mọ bí káàdì ti ṣe dé, ó yẹ kí á mọ bí lẹ́tà ti rí ní ìgbà náà. Kí ó tó di 1840, ẹni tí lẹ́tà bá dé bá ni ó sábà máa ń san owó rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó, àti bí ewé ìwé bá ṣe pọ̀ tó, ni owó náà ṣe ń ga tó. Lẹ́tà ewé kan ṣoṣo láti Lọ́ńdọ̀nù dé Edinburgh lé ní ṣílè kan. Ẹ fojú inú wo ọmọdébìnrin tí ó ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí lẹ́tà ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí kò sì ní owó tí yóò fi gbà á. Wọn yóò gbé e padà lójú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi àmì kékeré sí ẹ̀yìn lẹ́tà, kí ẹni tí ó ni ín lè wò ó, kí ó mọ̀ pé àlàáfíà ni, kí ó sì kọ̀ láti gbà á.

Ní 1837, Rowland Hill kọ ìwé kan pé kí lẹ́tà tí kò wúwo jù máa jẹ́ kọ́bọ̀ kan, ìyẹn pẹ́nì kan, sí ibikíbi ní ilẹ̀ náà, kí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sì ti san owó rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, Henry Cole sì darapọ̀ mọ́ wọn. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń jà á. Ilé aṣòfin gbà á ní 1839. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ènìyàn mú àbá wá nípa bí sítáǹpù yóò ṣe rí, àwọn tí wọ́n kọ̀wé wá lé ní 2,000. Ẹni mẹ́rin ni ó gba ẹ̀bùn £100 kọ̀ọ̀kan, Henry sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Láti ọjọ́ 10 oṣù Kìíní, ọdún 1840, lẹ́tà di kọ́bọ̀ kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, sítáǹpù àkọ́kọ́ jáde, orí Ọbabìnrin Victoria ni ó wà lára rẹ̀. Ní 1839, bíi mílíọ̀nù 76 ni lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ní 1840, ó di bíi mílíọ̀nù 169. Ìyá tálákà náà wá lè gbúròó ọmọ rẹ̀.

Bí Káàdì Ṣe Dé

Nígbà tí lẹ́tà wá rọrùn, iṣẹ́ mìíràn dé. Ní ìlú Òyìnbó, ó jẹ́ àṣà láti kọ lẹ́tà kí ọ̀rẹ́ àti ẹbí ní ìparí ọdún, ìwà ọmọlúàbí sì ni láti dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Henry ní ọ̀rẹ́ púpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì tún pọ̀ jù wọ́n lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1843, ó rí i pé apá òun kò lè ká a. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Callcott Horsley, tí ó jẹ́ ayàwòrán, pé kí ó ya àwòrán kan tí a lè tẹ̀, kí ó kàn máa kọ orúkọ ẹni tí ó ń kí àti orúkọ tirẹ̀ sí i.

Wọ́n tẹ bíi ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì fi ọwọ́ kun ún ní ọ̀dà aláràbarà. Láàárín káàdì náà, ẹbí kan jókòó yí tábìlì ká, ìran mẹ́ta, àgbà àti ọmọdé, wọ́n gbé ife sókè láti kí ẹni tí ó ń wò wọ́n. Ní apá kan, a ń fún àwọn tí ebi ń pa ní oúnjẹ; ní apá kejì, a ń fi aṣọ bo àwọn tí kò ní. Ìkíni ọdún Kérésìmesì àti ti ọdún tuntun ni a kọ sí ìsàlẹ̀. Èyí tí Henry kò lò, wọ́n tà á ní ṣílè kọ̀ọ̀kan. Owó gidi ni ní ìgbà náà, nítorí ṣílè kan lè fi lẹ́tà 12 ránṣẹ́.

Kí á má gbàgbé pé ní ọdún kan ṣáájú èyí, ní 1842, ni bàbá wa Thomas Birch Freeman ṣe Kérésìmesì ní Àgbádárìgì. Ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ wa kí káàdì tó dé ayé.

Ìbáwí

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni inú wọn dùn sí káàdì náà. Ọtí wáìnì ni ó wà nínú ife tí wọ́n gbé sókè, wọ́n sì ń fún ọmọ kékeré kan mu nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń jà kí àwọn ènìyàn jáwọ́ nínú ọtí bínú, wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọdé ní ìmutípara. Ní tèmi, mo rò pé ìbáwí náà tọ́. Ènìyàn rere lè ṣe ohun rere kí ó sì ṣì í sí ibì kan. Ó lé ní ogún ọdún kí káàdì tó di ti gbogbo ayé. Nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ káàdì ìdajì kọ́bọ̀ ní 1870 ni fífi káàdì ránṣẹ́ wá rọ̀ mẹ̀kúnnù lọ́rùn. Lónìí, àwọn tí ó ṣẹ́ kù nínú káàdì Henry kò pọ̀. Ní 2001, wọ́n ta ọ̀kan tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà, owó rẹ̀ kò sì dín ní £20,000.

Àwọn Iṣẹ́ Rẹ̀ Mìíràn

Henry wà lára àwọn tí wọ́n ṣètò Ìpàtẹ Ńlá ti 1851 ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ènìyàn lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà wò. Nínú èrè rẹ̀ ni wọ́n ti ra ilẹ̀ tí a kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé South Kensington sí, tí ó ṣí ní 1857. Henry ni ó darí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tan iná gáàsì síbẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè wá ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ilé náà ni a ń pè ní Victoria and Albert Museum láti 1899. Ó tún wà lára àwọn tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè sílẹ̀. Wọ́n fi í jẹ oyè Sir ní 1875, ó sì kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ọdún 1882. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí kò parí, ọmọkùnrin rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n bá a parí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

Ẹ̀yin ìyá, ohun mẹ́ta ni mo rí kọ́. Èkíní, ọwọ́ Henry kún, síbẹ̀ kò fi ìyẹn ṣe àwáwí láti gbàgbé ọ̀rẹ́. Ó wá ọ̀nà. Èkejì, kí ó tó ronú káàdì ti ara rẹ̀, ó ti jà kí lẹ́tà rọ tálákà lọ́rùn. Ẹ̀kẹta, àwòrán fífún ènìyàn lóúnjẹ àti aṣọ wà ní ẹ̀gbẹ́ ìkíni rẹ̀. Ìkíni tí ó dá dúró láìsí ìrànlọ́wọ́, ẹnu lásán ni.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ọdọọdún ni a ń fi káàdì ránṣẹ́ síra wa, títí fóònù fi dé. Fóònù yá, n kò purọ́, a sì jáwọ́ nínú káàdì. Nígbà tí ó ṣe, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ọdún méjì kọjá, n kò mọ̀ bóyá ó wà láyé. Níkẹyìn mo yọ káàdì rẹ̀ kan nínú páálí mi, àdírẹ́sì ìjọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ra káàdì, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, mo fi í ránṣẹ́ sí ìjọ náà. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni èsì dé. Ọmọ rẹ̀ ni ó bá a kọ ọ́, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó fọwọ́ sí i. Ó ní òun ti rò pé mo ti kú.

Nítorí náà, kí ọdún yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa ronú kan ẹnì kan: opó tí kò lè wá sí ìpàdé mọ́, ẹni tí ó kó lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀rẹ́ tí ohùn rẹ̀ ti dákẹ́. Ẹ ra káàdì kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i ní ọwọ́ ara yín, ẹ tètè fi í ránṣẹ́. Bí ó bá sì wà nítòsí, ẹ fi ọwọ́ mú un lọ, kí oúnjẹ díẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á tún ṣe òmíràn pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.