Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, Balógun Èkìtìparapọ̀

Nínú àwọn akọni tí ó jagun ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwọ̀nba díẹ̀ ni òkìkí wọn kàn tó ti Ògèdèǹgbé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Òrìṣàráyíbí Ògúndàmọ́lá ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ojú ogun ni ó ti gba Agbógungbórò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ni pé Ìbàdàn, tí ó di ọ̀tá rẹ̀ níkẹyìn, gan-an ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Wọ́n mú un lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé àwọn ológun ibẹ̀ títí ó fi mọ ìṣe wọn dáadáa.

Ní ọdún 1870, Ìbàdàn sàga ti Iléṣà, wọ́n sì kó o. Ògèdèǹgbé wà lára àwọn tí ó gbèjà ìlú náà. Lẹ́yìn èyí ni ó kọrí sí ìhà Àkúrẹ́, tí ó sì kó ọmọ ogun tirẹ̀ jọ.

Ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ ni ó dá ogun ńlá sílẹ̀. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà níbẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Ìkìrun, àwọn àti Ìlọrin tí ó bá wọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá ni odò Ọ̀tìn gbé lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ogun Jálumi.

Nígbà tí Ògèdèǹgbé dé, òun ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo ogun. Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn sì wà ní Ìgbájọ, òkè ni ó wà láàárín wọn. Ìró ìbọn tí ń dún láàárín òkè wọ̀nyí ni ó sọ ogun náà ní Kírìjí. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń ṣòwò ní Èkó kò gbàgbé ilé: wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ìbọn òyìnbó ìgbàlódé, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Kí ẹni tí ó gbé ìbọn àtijọ́ tó ki ẹ̀tù tán, ìbọn tuntun yìí ti yìn lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ààrẹ Látòósà kò rí ọ̀nà gbà kọjá. Inú ibùdó ni ó kú sí ní 1885.

Ògèdèǹgbé kò fi ẹsẹ̀ tẹ ìgboro Ìbàdàn, kò sì pọn dandan. Dídá tí ó dá wọn dúró ni ó mú wọn gbà láti bá a sọ̀rọ̀. Samuel Johnson àti Charles Phillips ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì, títí àdéhùn fi wáyé ní 1886, tí àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ sì gba òmìnira.

Àlàáfíà kò rọrùn fún ọmọ ogun tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń da àwọn ará abúlé láàmú, ìjọba òyìnbó sì mú un ní 1894. Nígbà tí ó padà sí Iléṣà, oyè Ọbańlá ni wọ́n fi dá a lọ́lá, orí rẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1910.