Arnold Jacobs: Afọntúbà tí Èémí Rẹ̀ Kò Tó

Nínú gbogbo àwọn tí ń jókòó sí ẹgbẹ́ olórin ọ̀kẹ́sítírà, afọntúbà ni kì í sábà ní ẹnìkejì. Ẹ̀yìn pátápátá ni ó máa ń wà, ó sì lè pẹ́ púpọ̀ kí ó tó gbé ẹnu lé fèrè rẹ̀. Nínú símfónì kẹsàn-án ti Dvořák, abala kejì nìkan ni a ti ń gbọ́ ọ, ohùn tí ó ń fọn níbẹ̀ kò sì tó ogún. Nítorí náà ni ó ṣe yà mí lẹ́nu pé afọntúbà kan di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni a ti bí Arnold Jacobs ní ọdún 1915, ṣùgbọ́n California ni ó gbé dàgbà. Dùùrù ni ìyá rẹ̀ ń tẹ̀. Òun fọn oríṣiríṣi fèrè idẹ kí ó tó kan túbà. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí Curtis Institute of Music gbà á wọlé. Ó parí ní 1936, ó ṣiṣẹ́ ní Indianapolis àti Pittsburgh, ó sì wọ Chicago Symphony Orchestra ní 1944. Ọdún 44 ni ó lò níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà nìyí: Jacobs ní àìsàn ásímà. Ẹ rò ó wò ná. Túbà ni ó tóbi jù nínú àwọn fèrè idẹ ọ̀kẹ́sítírà, ohùn rẹ̀ tí ó bá sì wálẹ̀ ń jẹ afẹ́fẹ́ bí iná ti ń jẹ koríko ọ̀gbẹlẹ̀. Ọgbọ́n wo ni ó dá? Ẹni tí àmù rẹ̀ kéré, lemọ́lemọ́ ni yóò máa pọnmi. Ó ń mí sínú léraléra, láìjẹ́ kí orin já. Ó ka ìwé nípa ẹ̀yà ara, ó sì kó ẹ̀rọ tí a fi ń wọn èémí sí yàrá ìkọ́ni rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé fèrè obó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí a tì gidigidi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí a rọra tì ni túbà ń fẹ́. Ẹni tí ó bá mú ikùn le bí ẹni fẹ́ gbẹ́rù, ọ̀nà ni ó ń dí mọ́ ara rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ iṣan ara tó báyìí kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú nípa iṣan rárá nígbà tí ó bá ń fọn fèrè. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ orin náà nínú ọpọlọ rẹ̀. Èémí yóò tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ọgbọ́n rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ jù nìyí. Àwa tí a ń kọ́ fònẹ́tíìkì lè jẹ́rìí sí i: ta ni í ronú ibi tí ahọ́n òun wà kí ó tó kí ìyá rẹ̀ ní àárọ̀?

Àwọn afọntùróḿbóònù ń wá bá a, àwọn akọrin pẹ̀lú. Ó fẹ̀yìn tì ní 1988, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun ìkọ́ni títí ó fi kú ní oṣù kẹwàá 1998, ní ẹni ọdún 83. Túbà York tí ó rà ní dọ́là 175 lọ́wọ́ Philip Donatelli, olùkọ́ rẹ̀, ti di ti Chicago Symphony Orchestra, ọ̀pọ̀ aṣefèrè ni ó sì ti wò ó ṣe tiwọn.