Savitri: Òṣèrébìnrin tó pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí ayé tirẹ̀ parí sínú omijé

Bí a bá ń dárúkọ àwọn òṣèré tí a kò lè gbàgbé láé ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà, orúkọ Savitri ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ èdè Telugu yóò kọ́kọ́ dá. Mahanati ni wọ́n ń fi kì í, ìyẹn ni òṣèrébìnrin ńlá. Ó ti lé ní 40 ọdún tí ó ti jáde láyé, síbẹ̀ ariwo rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀.

Abúlé kan tí ń jẹ́ Chirravuru, ní agbègbè Guntur, ni wọ́n ti bí i, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Íńdíà. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí bàbá rẹ̀ fi kú. Ìyá rẹ̀, Subhadramma, gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí, ọkọ arábìnrin ìyá rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ijó ni ọmọ náà kọ́kọ́ kọ́, kí ó tó bọ́ sí orí ìtàgé, kí ó sì tó gba ìlú Madras lọ láti wá iṣẹ́ sinimá.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Ní ọdún 1950, wọ́n fẹ́ fún un ní ipa pàtàkì nínú fíìmù Samsaram, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Wọ́n gba ipa náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní kékeré. Kò torí ìyẹn padà sílé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1953, tí fíìmù Devadasu jáde, gbogbo ayé ti mọ̀ pé ògbóǹtarìgì ni.

Missamma, tí ó jáde ní ọdún 1955, ni ó wá gbé e ga jù. L. V. Prasad ni olùdarí rẹ̀. Ipa kejì ni wọ́n kọ́kọ́ fún Savitri, Bhanumathi ni wọ́n sì mú fún ipa gan-an. Èdè-àìyedè ṣẹlẹ̀ láàrin Bhanumathi àti Chakrapani, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni fíìmù náà, bí ipa náà ṣe bọ́ sí ọwọ́ Savitri nìyẹn.

Eré ìfẹ́ àti ẹ̀rín ni. Tọkọtaya ni ọlọ́lá kan ń wá láti jẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní abúlé. Mary jẹ́ Kristẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Rao, tí N. T. Rama Rao ṣe, jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọn kò fẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n purọ́ pé tọkọtaya ni àwọn kí wọ́n lè rí iṣẹ́ náà gbà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe awúrúju ni ìfẹ́ òtítọ́ ti wọlé. Nígbẹ̀yìn ni àṣírí tú pé Mary gan-an ni ọmọ ọlọ́lá náà tí ó sọnù láti kékeré. Bí Savitri ṣe ń bínú, tí ó ń jowú, tí ó sì ń fi ìfẹ́ pamọ́ sábẹ́ ìkanra, ni ó mú kí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Mayabazar jáde. Nínú rẹ̀, ọkùnrin alágbára kan fi idán gbé àwọ̀ ọmọbìnrin wọ̀ láti ba ìgbéyàwó kan jẹ́. Savitri ni ó ní láti ṣe bí ọkùnrin tí ó wà nínú ara obìnrin, ó sì ṣe é láṣeyọrí.

Ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ kò rí bí ilé inú sinimá. Ní ọdún 1952 ni ó fẹ́ òṣèré Gemini Ganesan ní ìkọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti ní ìyàwó nílé. Wọ́n bí ọmọ méjì, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Nígbà tí ó yá, àárín wọn dàrú, wọ́n sì pínyà.

Savitri lawọ́ púpọ̀. Ẹni tí ó bá tọrọ kì í bọ̀ lófo. Ní ọdún 1968, òun fúnra rẹ̀ darí fíìmù Chinnari Papalu. Praptham, tí ó ṣe ní èdè Tamil ní ọdún 1971, kò pa owó, gbèsè sì dé. Ìjọba ń béèrè owó orí, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Ó fi ọtí pa ìrònú rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti jẹ lára rẹ̀ kò yọjú mọ́.

Ní ọdún 1980, ó dákú, kò sì mọ ẹnì kankan mọ́. Oṣù 19 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀ kí ó tó dákẹ́ ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1981, kò sì tíì pé ẹni 50 ọdún.

Ní ọdún 2018, wọ́n fi ìtàn ayé rẹ̀ ṣe fíìmù Mahanati, Keerthy Suresh tí ó ṣe ipa rẹ̀ sì gba àmì-ẹ̀yẹ ìjọba Íńdíà fún òṣèrébìnrin tó dáńtọ́ jù. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ayé Savitri jẹ́ fún gbogbo wa. Ìnáwó-ṣoore dára, ṣùgbọ́n kí olóore má gbàgbé ara rẹ̀. Àwọn tí ó sì jẹ oore, kí wọ́n má sá nígbà tí ojò bá ń pa ẹni tí ó dá aṣọ bò wọ́n.