Vivien Thomas: Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó já ọmọdé gbà lọ́wọ́ ikú, kò yẹ kí a fo ti Ọ̀gbẹ́ni Vivien Thomas, adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1910. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó kọ́ lọ́wọ́ baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn ni ó wù ú. Owó tí ó ń tọ́jú láti fi lọ sí yunifásítì wọmi nígbà tí báǹkì rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀.

Ní ọdún 1930, ó di ọmọ iṣẹ́ Dókítà Alfred Blalock ní Yunifásítì Vanderbilt. Iṣẹ́ ìwádìí ni ó ń ṣe. Owó agbálẹ̀ ni wọ́n ń san fún un. Ní 1941, àwọn méjèèjì kó lọ sí Johns Hopkins ní Baltimore. Níbẹ̀ ni Dókítà Helen Taussig ti gbé ìṣòro kan ka iwájú wọn: àwọn ìkókó tí ètè àti èékánná wọn ń dúdú bí aró, nítorí pé ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró wọn há jù. Nílẹ̀ wa, àbíkú ni à bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Thomas fi nǹkan bí ọdún méjì dán an wò lára ajá, títí ó fi mọ bí a ti ń rán iṣan ẹ̀jẹ̀ apá mọ́ ti ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, 1944, Blalock ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ìkókó kan. Thomas dúró lórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọmọ náà kò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó tẹ̀ lé e yè. Àwọn oníṣègùn sì wá rí i pé iṣan ẹ̀dọ̀fóró tín-ín-rín a máa gbòòrò bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn gbà á, tí ọmọ yóò fi dàgbà tó ẹni tí a lè tún ọkàn rẹ̀ ṣe tán.

Nígbà tí ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1945, kò sí orúkọ Thomas níbẹ̀. Ó tẹra mọ́ṣẹ́, ó kọ́ ọ̀pọ̀ dókítà, títí Johns Hopkins fi fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1976. Ó kú ní 1985.

Òbí tí ó bá rí i, ní Àbújá tàbí níbikíbi, pé ètè ọmọ òun ń dúdú, kí ó má ṣe rò ó sí àbíkú; ilé-ìwòsàn ni kí ó gbé e lọ. Láti 1974 ni a ti ń la àyà tún ọkàn ṣe nílẹ̀ wa, ní Enugu. Ẹni tí a ń san owó agbálẹ̀ fún wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà náà.