Ìtàn Ìgbésí Ayé Cicely Williams, Obìnrin Oníṣègùn Tí Ó Tú Àṣírí Àrùn Kwashiorkor

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Òjé, àti ẹ̀yin baba tí ẹ ń fi owó oúnjẹ sílẹ̀ láràárọ̀, àwọn àgbà wa a máa wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà; ṣùgbọ́n ọmọ lè yó bámúbámú kí ebi ó sì tún máa jẹ ẹran ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó fi èyí ye gbogbo ayé ni a fẹ́ ròyìn fún yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìlú òyìnbó ni ó ti rí i, bí kò ṣe ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ wa níhìn-ín.

Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1893 ni a bí Cicely Delphine Williams ní erékùṣù Jàmáíkà, nínú ìdílé òyìnbó olóko. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ojú ìjà, àyè ṣí sílẹ̀ ní Oxford fún àwọn obìnrin láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, òun náà sì wọlé. Ó di oníṣègùn ní ọdún 1923. Ní ọdún 1929, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Gold Coast, èyí tí à ń pè ní Ghana lónìí.

Níbẹ̀ ni ó ti rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ àti ojú wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí àwọ̀ ara wọn ń bó, tí wọn kò sì lè ṣeré mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kú. Kò ṣe bí ẹni tí ó mọ ohun gbogbo. Ó bi àwọn obìnrin ìlú léèrè. Àwọn Gã sọ fún un pé kwashiorkor ni orúkọ rẹ̀, àìsàn tí ń ṣe ẹ̀gbọ́n nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Nínú orúkọ yìí ni ó ti rí ojú ọ̀nà: ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tí a sì fi ẹ̀kọ àgbàdo nìkan rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Nínú ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà ni èròjà tí a fi ń mọ ẹran ara wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní prótéènì. Omi kíkan inú agbẹ̀du àti àwọn oje inú ìfun a máa gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e lọ síbi tí ara ti nílò rẹ̀. Àgbàdo ní agbára nínú, ṣùgbọ́n èròjà yìí kò tó nínú rẹ̀. Bí a bá sì ti sẹ́ ògì, a ti da díẹ̀ nínú èyí tí ó ní nù mọ́ èèrí. Bí ọmọ kò bá rí i jẹ pẹ́, tí àrùn mìíràn sì tún ń kọlù ú, ọ̀rá a kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìfun rẹ̀ pàápàá a di hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, tí kò fi ní lè lo ìwọ̀nba tí ó jẹ.

Ní ọdún 1933 ni Williams kọ ìwádìí rẹ̀ jáde. Àwọn ọ̀mọ̀ràn kan ní ìlú òyìnbó jiyàn pé àrùn mìíràn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Kò yẹsẹ̀, ní ọdún 1935 ó tún kọ̀wé, ó sì fi orúkọ tí àwọn Gã sọ ọ́ pè é. Orúkọ náà ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní.

Lẹ́yìn èyí, a gbé e lọ sí Malaya. Ní Singapore ní ọdún 1939, ó dìde sọ̀rọ̀ líle sí àwọn tí ń polówó wàrà alágolo onísúgà fún ìyá ọmọ tuntun, ó ní ìpànìyàn ni. Nígbà tí ogun dé, àwọn ará Jàpáàní fi í sí àtìmọ́lé Changi. Ó ròyìn pé 20 ọmọ ni a bí síbẹ̀, ọmú ìyá ni a fi tọ́ wọn, kò sì sí èyí tí ó kú. Ní ọdún 1948, ó di olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìlera ìyá àti ọmọ nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ọdún 1992 ni ó kú, ẹni ọdún 98.

Àwa tí a mọ bí kwashiorkor ti pa ọmọ ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa nígbà ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970 kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àwọn kan sì ń wí pé ọmọdé tí ó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran yóò di olè. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni í gba ọmọ lọ́wọ́ olè jíjà, kì í ṣe àwo ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran. Bí owó ẹran bá sì wọ́n, ẹ̀wà ń bẹ lọ́jà, mọ́ínmọ́ín àti èkuru kò jìnnà, a sì lè lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ sínú ẹ̀kọ ọmọ. Kí ìyá tí ó ní oyún tuntun rántí ẹ̀gbọ́n tí ó wà nílẹ̀. Kí baba náà sì rántí pé apá kan nínú owó oúnjẹ ti ọmọ ni.