Ẹfúnróyè Tinúbú, Ìyálóde Tí Ó Mọ Ọ̀nà Omi

  

Nígbà tí a jókòó láti jíròrò ohun tí a ó kọ sínú ìwé àjọ̀dún yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ kí a kọ nípa àwọn ìyá ìyá wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ilé kan ní Ajue tí kò ní irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ rí: ìyá tí í di ẹrù lóru, tí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà omi, tí í bá àwọn ará Ìlàjẹ dúnàádúrà ẹja gbígbẹ àti edé, tí í wọ ọkọ̀ ojú omi láìmọ ìwẹ̀, tí yóò sì padà wálé kí ó tó gbé ìkòkò kaná fún gbogbo agbo ilé. Ẹni tí ó bí àti ẹni tí kò bí, gbogbo wọn ni í jẹ nínú ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù wa bá kọ ti ìyá tirẹ̀, ìwé yìí kò ní í gbà á. Nítorí náà ni a ṣe fẹnu kò pé kí a mú obìnrin kan tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, kí a fi ìtàn rẹ̀ kí gbogbo wọn. Obìnrin náà ni Ẹfúnróyè Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan Ajue nínú ọ̀rọ̀ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó kàn wá. Ọmọ ojú ọ̀nà ni wá, láàrin Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ó ti etí ọ̀sà gba ilẹ̀ Oǹdó lọ sí òkè, èyí tí ìjọba Èkó ṣètò ní 1872 nígbà ayé Glover, ìjà ọjà ló bí i. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa ti ọ̀nà tiwọn pa, iyọ̀ a wọ́n ní òkè, ẹ̀tù a wọ́n, àwọn ará òkè a sì máa wá ọ̀nà mìíràn dé omi. Inú ayé ìjà ọjà yẹn ni Tinúbú gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀nà wa fi di ọ̀nà ńlá, kí ó kọ́kọ́ mọ irú òwò tí àwọn bíi tirẹ̀ ṣe lójú omi.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a bí i sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830. Ìdílé oníṣòwò ni ó ti wá. Ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ni ó fi ojú ọjà hàn án, ewé àti egbò ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó tètè lọ́kọ, ó bí ọmọkùnrin méjì, ọkọ náà sì kú. Opó ni, pẹ̀lú ọmọ méjì, ní àkókò tí ogun ti tú ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá ká.

Ní 1833, Adélé Àjọsùn wá sí Abẹ́òkúta. Ọba Èkó ni Adélé nígbà kan rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé e kúrò lórí oyè, Àgbádárìgì ni ó ń gbé. Ó rí Ẹfúnróyè, ó fẹ́ ẹ, obìnrin náà sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání, ó bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyẹn dáadáa. Ọmọ inú igbó ni, tí kò mọ̀ ju ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ. Ọba tí kò ní ìlú ni ó tẹ̀lé, lọ sí ibi tí omi ti yí ilẹ̀ ká.

Ní Àgbádárìgì ni ó ti mọ ọ̀nà omi. Ọ̀sà kan wà lẹ́yìn yanrìn etí òkun tí ó lọ tààrà láti Àgbádárìgì dé Èkó, tí ó sì tún nà lọ sí ìhà ìlà oòrùn títí dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Oǹdó níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ àti atukọ̀ kò ní ohun tí ó ń bá ìgbì òkun ṣe: níbi tí omi bá jìn wọn a wa àjẹ̀, níbi tí kò bá jìn wọn a fi ọ̀pá tì í. Ọkọ̀ ńlá àwọn òyìnbó a dúró sí ìta òkun, ẹrù wọn a wọlé, ọkọ̀ ọ̀sà a sì pín in káàkiri. Iyọ̀ ni Tinúbú ń tà, àti tábà láti Brazil, àti ìbọn àti ẹ̀tù. Epo pupa ni ó ń kó lọ sí etí òkun. Ó tún ń ta ẹrú. A ó padà sórí èyí, nítorí a kò fẹ́ fi ewé bò ó.

Àgbádárìgì náà ni ibà ti pa ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, kò ní ọmọ tí ó yè.

Ní 1835, Èkó pe Adélé padà sórí oyè, Tinúbú sì bá a wọ ààfin. Ọdún méjì péré, Adélé kú. Olúwọlé jọba, Tinúbú sì fẹ́ Yésúfù Bàdà, ọ̀kan nínú àwọn ológun ọba náà. Nígbà tí Olúwọlé kú ní 1841, Akítóyè gorí oyè, òwò Tinúbú sì gbòòrò sí i. Ṣùgbọ́n Akítóyè jẹ́ kí Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, padà sí Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ìjà dé. Ní 1845, ogun Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè jáde, Tinúbú pẹ̀lú gbogbo ará ilé rẹ̀ sì tún sá padà sí Àgbádárìgì. Ó bẹ̀rẹ̀ òwò lákọ̀tun. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ńlá lu Èkó ní oṣù kejìlá 1851, tí Akítóyè padà jọba, Tinúbú padà pẹ̀lú rẹ̀. Akítóyè kú ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú jẹ, ọwọ́ obìnrin yìí sì hàn gbangba nínú ìjọba Èkó.

Ìyẹn ni kò tẹ́ àwọn mìíràn lọ́rùn. Àwọn oníṣòwò àjèjì ń pọ̀, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Benjamin Campbell sì ń pàṣẹ bí ọba. Tinúbú kò gbà pé kí àlejò máa darí onílé, àwọn náà kò sì gbà pé kí obìnrin kan máa darí ọjà àti ọba. Ní 1856, Campbell mú kí Dòsùnmú lé e kúrò ní Èkó. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Abẹ́òkúta, ibi tí ó ti fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn.

Ẹlòmíràn ìbá jókòó sílé máa ka ohun tí ó sọnù. Tinúbú tún bẹ̀rẹ̀. Ó mọ ọ̀nà omi, ó mọ àwọn tí ń ta ẹ̀tù, ó sì mọ̀ pé Dàhòmì kò ní í fi Abẹ́òkúta sílẹ̀. Wọ́n ti kọlu ìlú náà ní 1851, wọn kò sì rí i kó. Ní oṣù kẹta 1864 wọ́n tún dé, àwọn obìnrin ológun wọn wà láàrin wọn. Tinúbú kó ìbọn àti ẹ̀tù tirẹ̀ fún àwọn Ẹ̀gbá, ó sì bá wọn tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá lé Dàhòmì padà. Àwa tí ogun abẹ́lé kan ilẹ̀kùn wa ní Ọ̀rẹ̀ ní 1967 mọ ohun tí ó jẹ́ kí ogun dé ẹnu ọ̀nà, a sì mọ iye tí ọwọ́ tí ń gbé oúnjẹ àti omi fún ẹni tí ó gbọgbẹ́ tó. Lọ́dún náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá.

Ó kú ní 1887, wọ́n sì sin ín sí Ojokodo ní Abẹ́òkúta. Àárín Èkó tí wọ́n ti lé e jáde ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, Tinubu Square. Ìta Ìyálóde wà ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú ère rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹrú tí a ní a ó padà sí. Tinúbú ta ènìyàn. Ó ṣe é nígbà tí ọ̀pọ̀ olówó ìgbà náà ń ṣe é, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ṣe é lọ lẹ́yìn tí Akítóyè ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn ní 1852 pé Èkó kò ní í ta ẹrú mọ́. Àwọn kan nínú wa sọ pé kí a fi apá yìí sílẹ̀, torí ọjọ́ ayẹyẹ ni òní. A jiyàn lé e lórí gidigidi. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: bí a bá yọ ọ́, a kò kí ẹnikẹ́ni, irọ́ ni a pa. Ọkọ̀ kan náà tí ó gbé iyọ̀ wá, tí ó mú kí ọbẹ̀ dùn nílé wa, ni ó gbé ọmọ ẹlòmíràn lọ tí kò padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa gan-an. Láti ọdún mẹ́wàá wá, iṣẹ́ tí a ṣe jù ni pé bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, gbogbo wa a dáwó, a dá aṣọ, a gbé ìkòkò kaná, a sin òkú náà tìyẹ̀tìyẹ̀. Ọmọ ni í sin òbí. Tinúbú kò ní ọmọ tí ó yè, síbẹ̀ odidi ìlú ni ó sin ín, torí ó ná owó rẹ̀ lé ìlú lórí lọ́jọ́ tí ó le. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tà, ta ló sin wọ́n? Wọ́n ní ìyá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọjọ́ orí bíi tiwa nílé. Ẹgbẹ́ wọn pàdé, àyè wọn sì ṣófo.

Nítorí náà, bí a bá ń kí àwọn ìyá àgbà wa lónìí, ohun méjì ni a mú nínú ìtàn yìí. Èkíní, kí a ní ìgboyà bíi tirẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó pàdánù ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tún kọ́ ọ. Èkejì, kí a máa wo ibi tí owó ti ń wá, kì í ṣe ibi tí a ń ná an sí nìkan. Ìyá tí ó lawọ́ dára. Ìyá tí ó lawọ́, tí kò sì sí ọmọ ẹlòmíràn tí ó sunkún kí ìkòkò rẹ̀ tó kún, òun ni a fẹ́ fara wé.

Àwọn ìyá wa tí wọ́n sọ̀ lọ sódò tí wọ́n sì fi ẹja àti iyọ̀ tọ́ wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn tí ó wà láàyè, kí wọ́n jẹun ọmọ pẹ́. Bí oúnjẹ òní bá dé iwájú yín, ẹ jẹ kí ẹ yó, ẹ sì bu díẹ̀ fún opó tí kò lọ́mọ ní àdúgbò yín kí ẹ tó relé. Ẹgbẹ́ wa ti ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún ìyẹn.